Àárẹ̀ tí Oorun Kì í Wò: Ẹ̀kọ́ fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Ṣiṣẹ́ ní Ìdálẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣòro láti lóye fún ẹni tí oko rẹ̀ kò jìnnà sí ibodè ìlú rẹ̀. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, yóò gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, yóò sì kọrí sí ilé, níbi tí ìyàwó, ọmọ, ìyá àti àwọn ará agbolé yóò ti máa kí i kú àbọ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni ti ẹni tí a bí ní Ìkìrun tàbí ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, tí ó ń ṣiṣẹ́ oṣù ní Kánò, ní Jos, ní Maiduguri tàbí ní Port Harcourt? Yàrá tí ó háyà ni ó ń padà sí ní alẹ́. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá sì pè é lórí tẹlifóònù alágbèéká ní aago mẹ́wàá òru pé kí ó tún ìṣirò kan ṣe kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sí àgbà kankan nínú ilé náà tí yóò wí fún un pé, "Ọmọ mi, ó tó báyìí, lọ sùn."

Nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ àpilẹ̀kọ yìí. A fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àárẹ̀ kan tí ó ń mú àwọn òṣìṣẹ́ ayé òde òní, èyí tí oorun òru kan kò lè wò, tí ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀ kò sì lè mú kúrò lára. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó wà lára wọn tí wọn kò mọ ohun tí ó ń ṣe wọ́n. Bí àwọn kan bá rí i lára ẹlòmíràn, wọn a ní ọ̀lẹ ni. Àwọn mìíràn a ní ayé ni ó ń ṣe é. Ẹni tí ó ń ṣe gan-an a sì máa gbé e mọ́ra títí yóò fi di ẹ̀jẹ̀ ríru.

ÀTÙPÀ TÍ EPO RẸ̀ TÁN

Ní ọdún 1974, onímọ̀ kan nípa ọkàn ènìyàn, Herbert Freudenberger, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú New York ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa àárẹ̀ yìí. Láàárín àwọn tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn láti ṣèrànwọ́ fún àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́ ni ó ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀. Àwọn tí wọ́n fi tọkàntọkàn ṣiṣẹ́ gan-an ni àárẹ̀ náà ń mú, kì í ṣe àwọn ọ̀lẹ. Wọ́n dà bí àtùpà tí epo rẹ̀ ti tán, tí òwú rẹ̀ wá ń jó ara rẹ̀.

Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe àlàyé àmì mẹ́ta tí a fi lè mọ̀ ọ́n. Èkíní, okun òṣìṣẹ́ náà a tán pátápátá. Èkejì, ọkàn rẹ̀ a kúrò nínú iṣẹ́ tí ó ti fẹ́ràn tẹ́lẹ̀, a sì máa fi ojú òdì wò ó. Ẹ̀kẹta, iṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀ kò ní yọrí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Àjọ náà kò pe ọ̀ràn yìí ní àrùn. Ohun tí wọ́n wí ni pé láti inú iṣẹ́ ni ó ti ń wá, nígbà tí wàhálà ibi iṣẹ́ bá pẹ́ lọ́rùn ènìyàn tí a kò sì wá nǹkan ṣe sí i. Èyí ni kókó ọ̀rọ̀ wa lónìí. Bí omi bá ń jò láti òrùlé, a kì í bá ẹni tí ó ń sùn lábẹ́ rẹ̀ wí pé aṣọ rẹ̀ tutù.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré rárá. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé jọ gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2016 nìkan, nǹkan bí 745,000 ènìyàn ni àrùn rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn pa ní àgbáyé nítorí pé wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ ILẸ̀ FARANSÉ

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé iṣẹ́ kan tí ọ̀ràn rẹ̀ dé ilé ẹjọ́, kí ó má baà dà bí ẹni pé àròsọ ni a ń sọ. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń ka ojú ewé yìí kò tíì gbàgbé P. and T., nígbà tí iṣẹ́ lẹ́tà àti iṣẹ́ tẹlifóònù wà lábẹ́ òrùlé kan náà ní ilẹ̀ wa, kí wọ́n tó yà wọ́n sọ́tọ̀, tí NITEL sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1985. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí ní ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún 1991 ni France Télécom, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù wọn, dá dúró gedegbe kúrò lára ilé ìfìwéránṣẹ́. Ní ọdún 1997 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí ta ìpín rẹ̀ fún aráyé, nígbà tí ó sì di ọdún 2004, ìpín tí ó kù lọ́wọ́ ìjọba kò tó ìdajì mọ́.

Láàárín ọdún díẹ̀ yìí, gbogbo nǹkan yí padà. Tẹlifóònù alágbèéká dé, íntánẹ́ẹ̀tì dé, àwọn oníṣòwò mìíràn sì wọ ọjà tí ó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ náà nìkan tẹ́lẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà ra àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ní ọ̀wọ́n, títí gbèsè ọrùn rẹ̀ fi sún mọ́ bílíọ̀nù 70 owó yúrò ní ọdún 2002. Ọ̀gá àgbà tuntun, Didier Lombard, gba ipò ní ọdún 2005. Òun àti àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀ ṣe ètò kan pé láàárín ọdún 2006 sí 2008, 22,000 nínú àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n tó 120,000 gbọ́dọ̀ kúrò, kí 10,000 mìíràn sì pààrọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà ni wọ́n ti gbà sí iṣẹ́ ìjọba láti ìgbà P. and T. tiwọn, òfin kò sì gbà kí a lé wọn. Bí wọn yóò bá lọ, àfi kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2006, ọ̀gá àgbà náà wí fún àwọn ọ̀gá abẹ́ rẹ̀ ní ìpàdé kan ní Paris pé, lọ́nà kan tàbí òmíràn, àwọn ènìyàn náà yóò lọ, ìbáà ṣe láti ojú fèrèsé tàbí láti ẹnu ọ̀nà.

Ẹyin ni ohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni ó ń fọ́. Àwọn tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà mú un lọ sí ẹ̀ka wọn. Àwọn oníṣẹ́ wáyà tí wọ́n ti ń gun òpó fún ogún ọdún, tí wọ́n mọ gbogbo ìlú tí wọ́n fa wáyà dé, ni wọ́n gbé jókòó sí ìdí tẹlifóònù kí wọ́n máa ka ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn kọ fún wọn láti fi ta ọjà. Wọ́n ti àwọn ọ́fíìsì kan pa, wọ́n sì gbé àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ lọ sí ìlú tí ó jìnnà sí ọkọ, aya àti ọmọ wọn. Àwọn ọ̀gá ń ṣí kiri ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Ohun tí ó burú jù nínú rẹ̀ ni pé wọ́n so apá kan nínú owó àwọn ọ̀gá abẹ́ mọ́ iye ènìyàn tí ó bá kúrò lábẹ́ wọn. Báyìí ni àárẹ̀ òṣìṣẹ́ ṣe di èrè fún ọ̀gá rẹ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí ṣubú. Àwọn kan kò lè dìde lórí ibùsùn mọ́. Àwọn kan gba ẹ̀mí ara wọn. Ní oṣù keje ọdún 2009, òṣìṣẹ́ ẹni ọdún 51 kan ní ìlú Marseille kú ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Nínú lẹ́tà tí ó fi sílẹ̀, ó kọ ọ́ pé iṣẹ́ òun nìkan ṣoṣo ni ó fà á. Láàárín ọdún 2008 àti 2009, òṣìṣẹ́ 35 ni wọ́n kà tí wọ́n ti kú báyìí. Àwọn aláṣẹ kọ́kọ́ ní ìṣòro ilé oníkálùkù ni. Ọ̀gá àgbà tilẹ̀ sọ̀rọ̀ ikú náà bí ẹni pé àṣà ìgbàlódé kan ni, kí ó tó tọrọ àforíjì.

Kí ni ó wá mú kí òtítọ́ jáde? Àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ni. Láti ọdún 2007 ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ méjì ti jọ dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti máa ṣàkójọ ohun tí ojú àwọn ènìyàn wọn ń rí. Wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀, ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, ohun tí wọ́n wí, ẹni tí wọ́n gbé kúrò àti ibi tí wọ́n gbé e lọ. Ní ìparí ọdún 2009 wọ́n gbé ẹjọ́ náà dìde. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, aláyẹ̀wò iṣẹ́ tí ìjọba yàn kọ ìròyìn tirẹ̀ fún àwọn agbẹjọ́rò ìjọba.

Ọdún mẹ́wàá kọjá kí ìdájọ́ tó dé. Ní ogúnjọ́ oṣù Kejìlá ọdún 2019, ilé ẹjọ́ ní Paris, lẹ́yìn tí ó ti gbọ́ ọ̀ràn òṣìṣẹ́ 39, tí 19 nínú wọn ti kú, dá ilé iṣẹ́ náà àti àwọn ọ̀gá rẹ̀ lẹ́bi. Wọ́n bu owó ìtanràn 75,000 yúrò lé ilé iṣẹ́ náà, èyí tí í ṣe ibi tí òfin gbà kí ó dé. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún kan fún ọ̀gá àgbà àtijọ́ náà, ṣùgbọ́n wọ́n dá oṣù mẹ́jọ dúró nínú rẹ̀. Ní ọdún 2022, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tún dá a lẹ́bi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n dá gbogbo ẹ̀wọ̀n náà dúró. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ilẹ̀ náà fi òǹtẹ̀ lù ú.

Ohun tí ìdájọ́ yìí fi lélẹ̀ tóbi ju owó ìtanràn lọ. Àwọn adájọ́ kò wá ọ̀gá kan tí ó gbá òṣìṣẹ́ létí tàbí tí ó bú u. Púpọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n kú náà, ọ̀gá àgbà kò fi ojú kàn wọ́n rí. Wọ́n ní ètò iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, bí wọ́n ti gbé e kalẹ̀ láti òkè, ni ìfìyàjẹni.

Ọ̀RỌ̀ NÁÀ DÉ ILÉ WA

Bóyá ẹnìkan yóò wí pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Ẹ jẹ́ kí a rántí ọdún 2004, nígbà tí Báǹkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa pàṣẹ pé owó ìpìlẹ̀ báǹkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kúrò ní bílíọ̀nù 2 náírà kí ó di bílíọ̀nù 25 kí ọdún 2005 tó parí. Báǹkì 89 ni ó wà nígbà náà. 25 ni ó kù lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti jẹ́ òṣìṣẹ́ báǹkì mẹ́ta tàbí mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bá ara wọn lábẹ́ òrùlé kan, oníkálùkù ń wo ẹnìkejì rẹ̀ pé ta ni yóò lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Báǹkì Àpapọ̀ tún pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀: bílíọ̀nù 500 náírà fún àwọn báǹkì tí wọ́n ń bá ilẹ̀ òkèèrè ṣòwò, ó sì fún wọn ní ọdún méjì láti kó o jọ.

Àṣẹ náà lè dára fún ọrọ̀ ajé. Ìbéèrè tiwa ni pé, bí a bá gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lé ilé iṣẹ́ lórí, orí ta ni ó ń balẹ̀ sí? Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò ní báǹkì mọ ìdáhùn rẹ̀. Ọmọdébìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, tí kò mọ olówó kan ní ìlú tí wọ́n rán an lọ, ni wọ́n ń wí fún pé kí ó wá mílíọ̀nù báyìí wá kí oṣù tó parí. Bí ó bá mú un wá, wọn a fi kún un ní oṣù kejì. Bí kò bá mú un wá, wọn a dá a dúró sójú gbogbo ènìyàn ní ìpàdé òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kí ó wí tẹnu rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ lè wà ní Ìlọrin kí òun wà ní Yola, kí ọmọ wọn sì wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ọ̀fà.

A kò sọ pé kí ilé iṣẹ́ má yí padà. NITEL tiwa kò lè bá ìgbà mu nígbà tí tẹlifóònù alágbèéká dé ní ọdún 2001, gbogbo wa ni a sì rí ibi tí ó parí sí. Ilé iṣẹ́ tí kò yí padà yóò kú, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ yóò sì jìyà. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko.

ÌWỌ̀FÀ PÀÁPÀÁ NÍ ÒṢÙWỌ̀N

Ní ayé àwọn baba wa, ẹni tí ó yá owó tí kò rí i san a máa fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni èlé orí owó náà. A kò yin àṣà yìí, ó sì dára tí ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀, ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ó yẹ kí ojú tì wá lónìí. Iye ebè tí ìwọ̀fà yóò kọ jẹ́ ohun tí òun àti olówó rẹ̀ jọ mọ̀. Bí ó bá ti kọ ọ́ tán, ó lè kọrí sí oko tirẹ̀.

Àwọn àgbẹ̀ tí kò jẹ gbèsè pẹ̀lú ní òṣùwọ̀n tiwọn. Àáró ni wọ́n fi ń ran ara wọn lọ́wọ́, kí iṣẹ́ oko má baà wó ẹnìkan mọ́lẹ̀. Ọjọ́ ọ̀sẹ̀ wà tí wọn kì í lọ sí oko. Kì í ṣe pé wọ́n ya ọ̀lẹ. Wọ́n mọ̀ pé àgbẹ̀ tí ó kú sórí ebè kò ní jẹ nínú iṣu rẹ̀.

Òṣìṣẹ́ òde òní wọ aṣọ tí ó dára, ó ń jókòó sínú ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ parí sí. Èyí gan-an ni ó ń mú àárẹ̀ náà wá. Iṣẹ́ tí ó pọ̀ tí ó ní òpin, ènìyàn a ṣe é, a sì sùn. Iṣẹ́ tí kò ní òpin, tí wọ́n ń yí padà ní ojoojúmọ́, a máa bá ènìyàn dé orí ibùsùn.

KÍ NI KÍ Á ṢE?

A mọ̀ pé iṣẹ́ kò pọ̀ ní ìlú. Ẹni tí ó bá fi ìbínú kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ lónìí lè wá a kiri fún ọdún mẹ́ta. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tí agbára wa ká.

Èkíní, kí a mọ ẹ̀tọ́ wa. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, tí ó wà fún àwọn òṣìṣẹ́ alágbàṣe àti àwọn akọ̀wé, wí pé ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ kan gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí kò dín ní wákàtí kan láàárín rẹ̀. Pé ọjọ́ kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ọjọ́ ìsinmi nínú ọjọ́ méje. Àti pé ẹni tí ó bá ti pé ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, ó kéré tán, pẹ̀lú owó rẹ̀. Ẹ má ṣe ta ìsinmi yín.

Èkejì, kí a máa kọ nǹkan sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn òṣìṣẹ́ Faransé ti ṣe. Ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti ohun tí wọ́n pa láṣẹ sínú ìwé tí ó jẹ́ tiyín, kí ẹ sì bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kì í pẹ́ nílẹ̀ ní ilé ẹjọ́.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tí ó wà ní gbogbo ìlú tí a tẹ̀dó sí. A máa ń pàdé, a máa ń dáwó, a máa ń ṣe ìkómọ àti ìsìnkú. Ẹ jẹ́ kí a fi ohun kan kún un: bí ẹnìkan kò bá wá sí ìpàdé lẹ́ẹ̀mejì, kí àgbà kan lọ sí ilé rẹ̀ lọ wò ó, kì í ṣe láti gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀, bí kò ṣe láti bi í pé, "Ṣé kò sí?" Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ti fi ìdí èyí múlẹ̀ ní Aro láti ọdún 1954, nígbà tí ó jẹ́ kí àwọn aláìsàn ọkàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn láàárín àwọn ará abúlé nígbà tí wọ́n ń gba ìtọ́jú. Gbogbo ayé ni ó wá kọ́ ẹ̀kọ́ lára rẹ̀ pé ìwòsàn a máa yá láàárín ẹni ẹni.

Ẹ̀kẹrin, bí ọkàn ẹnìkan bá ti rẹ̀wẹ̀sì tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń sọ̀rọ̀ ikú, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ má sì ṣe bá a wí. Ẹ mú un lọ bá dókítà ní ọjọ́ náà gan-an. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà fún ìtọ́jú ọkàn wà ní Kaduna, ní Maiduguri, ní Enugu, ní Calabar àti ní Benin, láìjẹ́ pé a padà sí Yábàá tàbí Aro.

Ọ̀rọ̀ wa kù sí ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń ka ìwé yìí. A mọ̀ pé ẹnìkan wà lókè yín tí ó ń fún yín lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹ ránti pé ilé ẹjọ́ Faransé kò dá ẹ̀rọ lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ ni kò dá ọjà lẹ́bi. Ènìyàn ni ó dá lẹ́bi. Kí ẹ tó pe òṣìṣẹ́ yín ní òru, ẹ bi ara yín bóyá ọ̀rọ̀ náà kò lè dúró di òwúrọ̀.

Yorùbá ní kíkí fún ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ní kíkí fún ẹni tí ó ti ibi iṣẹ́ dé. Ẹni tí ó ń gbọ́ "ẹ kú iṣẹ́" láti òwúrọ̀ títí di òru, tí kò sí ẹni tí yóò kí i kú àbọ̀, ẹ wá a lọ sí ilé rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.